Fíìmù Tí Fàósátù Pè Ní Ìranù

Ìríra tí Fàósátù ní sí fíìmù olólùfẹ́ kì í ṣe kékeré. Bí ẹlòmíràn ṣe máa ń wo irun orí tó já sínú ọbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń wo ọkùnrin tó bá kúnlẹ̀ síwájú obìnrin nínú tẹlifíṣọ̀n, tó na òrùka sí i, tí omijé ń dà lójú àwọn méjèèjì. Tí àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ bá ti fi irú rẹ̀ sí i ní ṣọ́ọ̀bù, yóò pòṣé, òṣé náà yóò sì gùn débi pé àwọn tó ń kọjá lọ lójú títì yóò yíjú wò bóyá àwọn ló ń pòṣé sí.

"Ẹ bá mi pa ìranù yẹn," ni yóò wí. "Ṣé iṣẹ́ lẹ wá kọ́ ni, àbí ẹ wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń sunkún nítorí ọkùnrin?"

Àwọn ọmọ náà á sì pa á. Ta ló fẹ́ bá Fàósátù jiyàn? Obìnrin tó ti lé lógójì ọdún ni, ọmọ Ìwó, aránṣọ tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́, tí ẹnu rẹ̀ sì mú ju abẹ́rẹ́ tó ń lò lọ. Lotto ní Mowe ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, kò sì jìnnà sí ilé tí òun àti ọkọ rẹ̀ háyà yàrá àti pálọ̀ sí. Nígbà tí igbó ṣì pọ̀ níbẹ̀ ju ilé lọ ni wọ́n ti débẹ̀, kó tó di pé àwọn ará Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í ya wá bí omi. Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, Ummulkhair, ó sì wà lọ́dọ̀ ìyá-ìyá rẹ̀ ní Ìwó, níbi tó ti ń lọ sílé ìwé. Lásúnkànmí lorúkọ ọkọ, bíríkìlà ni, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ènìyàn jẹ́jẹ́ tí kì í pariwo, àyàfi tó bá ń bá àwọn tó ń po kọnkéré sọ̀rọ̀.

Ìríra tí mò ń wí yìí nídìí. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n á rò pé ìkanra lásán ni.

Nígbà tí Fàósátù wà lọ́mọdé, bàbá rẹ̀, Sùlèímọ́nù, bá ìyá rẹ̀ jà láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ìjà ọ̀hún ò tó nǹkan, ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ tó tutù ni. Bàbá ò bú ìyá, kò gbá a létí. Ó kàn dákẹ́ ni. Ó dákẹ́ títí tí ilé fi kan gógó, lẹ́yìn náà ó kó gbogbo aṣọ rẹ̀, ó gba Kọ́tọnù lọ. Wọ́n ní ó ń bọ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, ó ń fi nǹkan ránṣẹ́. Nígbà tó yá, ó di ìkíni. Nígbà tó tún yá, wọ́n gbọ́ pé ó ti kọ́lé síbẹ̀, ìyàwó ibẹ̀ sì ti bí ìbejì fún un. Ìyá ò sunkún lójú ẹnikẹ́ni. Fàósátù ní tirẹ̀ fi ẹnu pa bàbá rẹ̀. Ẹni tó bá bi í, á ní bàbá òun ti kú tipẹ́. Ohun tó sọ fún Lásúnkànmí nìyẹn nígbà tí wọ́n fẹ́ fẹ́ra, àwọn ẹbí sì panu mọ́, àbúrò bàbá ló dúró fi í fọ́kọ. Láti ìgbà náà wá, kò sí ọjọ́ Jímọ̀ kan tí Lásúnkànmí kì í ṣe àdúà pé kí Ọlọ́run tẹ́ àna òun sí afẹ́fẹ́ rere.

Ẹ̀yin náà ẹ wá wò ó. Nínú fíìmù, gbogbo ẹni tó bá bínú lọ ló ń padà wá. Kò sí èyí tí kì í padà. Á pẹ́ títí, orin á máa dún, wọ́n á ṣílẹ̀kùn báyìí, òun náà nìyẹn pẹ̀lú àpótí lọ́wọ́, tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Irọ́ gbáà! Tí Fàósátù bá rí ibi tí wọ́n ti ń ṣílẹ̀kùn yẹn, èébì ní í máa gbé e.

Ní ọdún tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, òun àti Lásúnkànmí ò bára wọn sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ fúrídọ̀ọ̀mù Nàfísàt ló dá a sílẹ̀. Nàfísàt ni àgbà nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, ó ti kọ́ṣẹ́ parí, ó sì fẹ́ gba òmìnira. Àṣà àwọn aránṣọ àdúgbò náà ni pé lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, ọ̀gá nìkan kọ́ ló ń fa síṣọ̀ọ̀sì lé ọmọ iṣẹ́ lọ́wọ́. Tọkọtaya ló ń dì í mú. Ọmọ á kúnlẹ̀, á tẹ́ ọwọ́ méjèèjì, ọkọ ọ̀gá á di apá kan síṣọ̀ọ̀sì mú, ọ̀gá á di apá kejì, wọ́n á jọ ṣàdúà, wọ́n á sì jọ gbé e lé e lọ́wọ́. Wọ́n gbà pé iṣẹ́ tí kò bá nílé lẹ́yìn kì í pẹ́ tú.

Kánópì ti wà nílẹ̀, ìrẹsì ti jiná, ààfáà ti jókòó. Lásúnkànmí ò dé. Wọ́n pe fóònù rẹ̀ títí, kò gbé e. Ifọ̀ ló wà, níbi tí wọ́n ti ń da dẹ́kìn, àjà kọnkéré ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ bíríkìlà mọ̀ pé dẹ́kìn kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Tí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í da kọnkéré, àfi kí wọ́n dà á tán lẹ́ẹ̀kan náà, torí ibi tí wọ́n bá ti dáwọ́ dúró ni ilé á ti sán lọ́jọ́ iwájú. Ó ti rò pé àwọn á parí kí oòrùn tó mú. Ẹ̀rọ tó ń po kọnkéré bàjẹ́ láàárín, fóònù rẹ̀ sì wà nínú ṣòkòtò tó fi kọ́ igi.

Nígbà tó pẹ́ jù, bàbá onílé ló dìde, ló wá bá Fàósátù di síṣọ̀ọ̀sì mú. Fàósátù ń ṣàdúà, ó ń rẹ́rìn-ín, etí rẹ̀ sì wà lẹ́yìn. Obìnrin kan ní, "Ṣé ọkọ ẹ̀ ti kú ni?" Ìkejì ní, "Rárá o. Wọ́n ní ó wà níbì kan." Gbólóhùn yẹn, "ó wà níbì kan," òun náà ni wọ́n máa ń sọ nípa bàbá rẹ̀ ní Ìwó.

Ìgbà tí Lásúnkànmí máa dé, wọ́n ti ń tú kánópì. Kọnkéré wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ dé orúnkún. Ká ní ó bẹ̀bẹ̀ ni, bóyá ọ̀rọ̀ ì bá parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ ẹ́, ojú sì ń tì í, ọkùnrin tí ojú bá ń tì kì í mọ ohun tó ń sọ. Ó wo àwọn ènìyàn tó kù, ó ní, "Ṣebí síṣọ̀ọ̀sì lásán ni. Ṣé kò ti gbà á?"

Ẹyin lohùn. Ó bọ́, ó fọ́, Fàósátù ò sì bá a ṣà á. Ọjọ́ yẹn ló ti fi òpin sí ọ̀rọ̀ láàárín àwọn méjèèjì. Ó búra nínú ara rẹ̀ pé òun ò ní bá a sọ̀rọ̀ mọ́, àfi tí ọkùnrin yẹn bá kọ́kọ́ la ẹnu bẹ òun.

Wọ́n wá ń gbé nínú ilé bí ẹni tó ń bá ògiri sọ̀rọ̀. Tí oúnjẹ bá jiná, Fàósátù á dojú kọ fèrèsé, á ní, "Oúnjẹ wà nílẹ̀ o. Ẹni tí ebi bá ń pa, ọwọ́ ẹ̀ ò ṣẹ́." Lásúnkànmí á jẹun tán, á yíjú sí òkè àjà, á ní, "Ẹni tó bá sáṣọ síta, kó mọ̀ pé òjò ti ṣú." Àwọn ayálégbé yòókù ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ń pè wọ́n ní Ẹni àti Ẹni. Bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀, ìjà náà dùn mọ́ Fàósátù nínú díẹ̀, kí n má parọ́. Nígbà tó yá, kò dùn mọ́, ó kàn wà níbẹ̀ ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyẹn tí Jọkẹ́ fi dé. Jọkẹ́ ni onídìrí tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ti Fàósátù, ọmọge aláríyá tí kì í lè fi ọ̀rọ̀ sínú.

"Ìyá Ummu," ó ní, "ẹ ò tiẹ̀ sọ fún wa pé Bàbá Ummu ń lọ sí Àbújá."

Abẹ́rẹ́ dúró lọ́wọ́ Fàósátù. "Ta ló sọ fún ẹ?"

"Àwọn fúnra wọn ni! Ọ̀gá kan ló gba iṣẹ́ ẹ̀sítéètì síbẹ̀. Wọ́n ní ó máa tó ọdún kan. Sátidé tó ń bọ̀ yìí ni wọ́n máa gbéra. Wọ́n ní kí n bá àwọn fi fíìmù sórí fóònù, tí àwọn á máa wò lójú ọ̀nà. Mo fún wọn ní ti olólùfẹ́ kan tó ń trend báyìí. Ẹ̀n-ẹ́n, wọ́n ti ń wò ó o! Ẹ ò tíì gbọ́ ẹ̀rín wọn ni?"

"Mo mọ̀ nípa ẹ̀," ni Fàósátù wí. Kò mọ nǹkan kan.

Ó ti gbọ́ ẹ̀rín náà. Ó gbọ́ ọ nírọ̀lẹ́ àná, nígbà tí Lásúnkànmí fẹ̀yìn lélẹ̀ ní yàrá, tó gbé fóònù sójú, tó ń rín kíkíkí bí ọmọ ilé ìwé. Inú ti bí i lánàá. Bó ṣe gbọ́ pé fíìmù olólùfẹ́ ni, ìríra dé sí i. Ọkùnrin tó ní irùngbọ̀n funfun! Ó fẹ́ lọ sí Àbújá fún ọdún kan, kò sọ fún ìyàwó rẹ̀, ó wá fẹ̀yìn lélẹ̀, ó ń wo ọkùnrin ẹlòmíràn tó ń fi ẹnu ko ọwọ́ obìnrin. Ṣíọ̀!

Ṣùgbọ́n ohun tó wà lábẹ́ ìríra náà, ẹ̀rù ni. Fàósátù ti rí ọkùnrin tó fi ìdákẹ́jẹ́ kó ẹrù rí, ó sì mọ bí ó ṣe ń parí. Tí Lásúnkànmí bá wọkọ̀ lọ́jọ́ Sátidé láìjẹ́ pé ẹnìkan ti pe ẹnìkejì lórúkọ, ó dá a lójú pé ìgbéyàwó òun ti lọ nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ló sì ti búra pé òun ò ní kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Lójoojúmọ́ ló ń dúró pé kí ó bẹ̀bẹ̀. Lójoojúmọ́ ni Lásúnkànmí ń bá òkè àjà sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ Jímọ̀ pé, òjò dé lẹ́yìn ìrun. Ọ̀nà Lotto di ẹrọ̀fọ̀, oníbàárà kankan ò yọjú. Nẹ́pà sì ṣe ohun tí wọn kì í ṣe nígbà òjò, wọ́n mú iná wá. Kò pẹ́ tí Jọkẹ́ fi sáré wọlé, ó fi ike bo irun, fláàṣì tí fíìmù wà nínú rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ìyá Ummu, ẹ jọ̀ọ́ jàre, ẹ jẹ́ ká wo fíìmù yẹn. Tẹlifíṣọ̀n tèmi ò ríran dáadáa."

"Ìranù yẹn? Nínú ṣọ́ọ̀bù mi?"

"Ẹ máa ránṣọ yín, ẹ má wò ó. Abẹg."

Fàósátù ì bá kọ̀. Ṣùgbọ́n ojú àwọn ọmọ iṣẹ́ ti tàn, òjò ò sì jẹ́ kí ènìyàn rí ibi sá sí. Bọ́tìnì ló ń fi ọwọ́ rán sára aṣọ kan tí oníbàárà máa gbà lọ́jọ́ kejì. Ó ní ó dáa, kí wọ́n fi í sí i, òun ò ní gbójú sókè. Ó tún ní òun á sọ gbogbo ohun tó máa ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ fún wọn, kí wọ́n lè rí i pé wọ́n kàn ń fi ọjọ́ wọn ṣòfò ni.

Àkọlé fíìmù náà ni *Dúró Dè Mí ní Gáréèjì*. Bí ó ti bẹ̀rẹ̀, jíìpù kan ta omi ẹrọ̀fọ̀ sí mẹkáníìkì kan lára. Mẹkáníìkì gbójú sókè, gíláàsì jíìpù wálẹ̀, ọmọge kan yọjú, orin bẹ̀rẹ̀.

"Wọ́n máa fẹ́ra," ni Fàósátù wí.

Wọ́n fẹ́ra. Gbémiga lorúkọ mẹkáníìkì, Ọmọlabí lorúkọ ọmọge. Èékánná Gbémiga funfun nini, aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ ṣì ní ojú áyọ́ọ̀nù. Fàósátù ní mẹkáníìkì wo ló rí báyìí, ṣé ẹnjìnnì ìyá rẹ̀ ló ń fọ̀? Wọ́n lọ jẹ áìsìkirímù, ṣíbí kan ṣoṣo ni wọ́n mú. Ó fi sẹ́nu Ọmọlabí, Ọmọlabí lá a. Ó fà á yọ, ó fi sí ẹnu ara rẹ̀, ó di ojú méjèèjì.

"A-ùsùbíláì!" Fàósátù fi ọwọ́ bo ẹnu. "Itọ́ ara wọn ni wọ́n ń jẹ yẹn. Ọ̀bùn ènìyàn! Ẹ̀yin náà sì jókòó, ẹ ń wò ó, ẹ ń rẹ́rìn-ín."

Ó ní ìyá ọmọge máa kọ̀ ọ́. Ìyá ọmọge kọ̀ ọ́, ó wé gèlè ńlá nínú ilé ìdáná, ó tutọ́ sílẹ̀, ó ní òun ò bí ọmọ fún elépo. Ó ní ọmọge máa ṣubú nínú òjò. Ó ṣubú, Gbémiga sì gbé e dání, omi ń ro lára wọn, àtíkè ojú ò ṣí. Ó ní wọ́n máa dé ọsibítù, torí kò sí fíìmù wọn tí kì í dé ọsibítù. Wọ́n dé ọsibítù. Dókítà bọ́ awò ojú, ó mi orí. Jọkẹ́ ń lu tábìlì, ó ń kígbe pé, "Ìyá Ummu, ṣé ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ ni?" Inú Fàósátù dùn díẹ̀ pé òun mọ̀ ọ́n, ó sì ń bínú pé inú òun dùn.

Bọ́tìnì ò kúrò lójú kan mọ́. Kò mọ ìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ dúró.

Lẹ́yìn gbogbo wàhálà, Gbémiga àti Ọmọlabí ṣègbéyàwó, wọ́n háyà yàrá kan. Ìyá wá bá wọn níbẹ̀, ó bú Gbémiga níwájú gbogbo ilé. Gbémiga ò dá a lóhùn. Ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀, ìyàwó tẹ orí ba, kò gbèjà rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, Gbémiga dákẹ́. Fàósátù ń retí kí ó pariwo, kí ó da tábìlì nù, kí ó ṣe gbogbo àṣejù tí wọ́n máa ń ṣe nínú fíìmù. Kò ṣe é. Ó kàn dákẹ́ ni, ó kó ẹrù, ó gba gáréèjì lọ wọ ọkọ̀ Pọ́tà Hákọ́ọ̀tù.

Ọmọlabí wà nídìí ìkòkò ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ó bu oúnjẹ sínú abọ́ méjì, bó ti máa ń ṣe. Ó gbé méjèèjì dé ibi tábìlì. Ó wo abọ́ kejì. Ó gbé e padà, ó dà á sínú ìkòkò, ó fọ abọ́, ó gbé e sórí pẹpẹ.

Kò sí orin. Kò sí omijé. Ta ló lọ sọ èyí fún wọn? Fàósátù ti rí ìyá rẹ̀ tó da oúnjẹ bàbá padà sínú ìkòkò ní Ìwó, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì. Kò sọ ọ́ fún ẹ̀dá alààyè kan rí. Ó gún ara rẹ̀ lábẹ́rẹ́, ó fi ìka sẹ́nu. Nígbà tí àwọn ọmọ iṣẹ́ wẹ̀yìn, wọ́n rí ọ̀gá wọn tó fi àjákù aṣọ nu ojú, tó ń sọ pé eruku pọ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù. Òjò sì ń rọ̀ níta o, eruku wo?

Fíìmù ń lọ. Ọmọlabí gbọ́ pé ọkọ̀ ò tíì kúrò, ó sáré lọ sí gáréèjì láìwọ bàtà. Ó ń pe orúkọ ọkọ rẹ̀. Ọkọ̀ ti ń yí. Gbémiga wà lẹ́bàá fèrèsé, kò wẹ̀yìn.

"Wẹ̀yìn!" ni ẹnìkan pariwo. Fàósátù ni.

Ó ti dìde dúró, aṣọ oníbàárà ti bọ́ sílẹ̀. Ọkọ̀ kọjá ní gèètì, Ọmọlabí dúró nínú ẹrọ̀fọ̀, gbogbo rẹ̀ sì ṣókùnkùn. Lẹ́tà funfun jáde, ó ní kí wọ́n máa retí apá kejì.

"Kí lẹ pa á fún?"

"A ò pa á," Jọkẹ́ ní. "Ibẹ̀ ló parí sí. Mi ò ní apá kejì. Ó wà lórí fóònù Bàbá Ummu. Sáìtì Ifọ̀ ni wọ́n ti rí i gbà."

Fàósátù jókòó. Ó ṣa aṣọ nílẹ̀, ó gbọ̀n ọ́n. "Ọmọkùnrin yẹn, ṣé ó padà wá?"

Jọkẹ́ wò ó. "Ìyá Ummu! Ẹ̀yin lẹ sọ fún wa láti ìbẹ̀rẹ̀ pé gbogbo wọn ló ń padà wá."

"Mo mọ ohun tí mo sọ. Mo ní, ṣé ó padà wá? Lọ bá mi béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ní apá kejì."

Jọkẹ́ kúnlẹ̀, ẹ̀rín sì ń pa á lọ. "Ẹ má bínú, mà. Ọ̀rọ̀ tọkọtaya, mi ò ní dá sí i. Ẹ lọ bi wọ́n fúnra yín."

Gbogbo ìrọ̀lẹ́ náà ni ara Fàósátù kọ ara rẹ̀. Ó ń se ọbẹ̀, ó ń pòṣé. Àgbàlagbà obìnrin, tó mọ̀ pé irọ́ ni, tó mọ̀ pé wọ́n ti sanwó fún ọmọ yẹn kí ó máa sáré láìwọ bàtà, òun ló wá ń rò ó bóyá ọkọ̀ á yí padà. Ó rí i lára débi pé ó bu iyọ̀ sọ́bẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Wọ́n ti kírun Mágíríbì tán nígbà tó wọ yàrá. Lásúnkànmí wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń to irin iṣẹ́ sínú báàgì. Fóònù wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Fàósátù dojú kọ fèrèsé.

"Ẹni tó bá wo fíìmù kan tán," ó ní, "ì bá sọ bó ṣe parí."

Lásúnkànmí yíjú sí òkè àjà. "Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀, fóònù nìyẹn."

Ó kù díẹ̀ kí Fàósátù gbé e. Ojú rẹ̀ ló lọ sára ògiri. Ìṣó tí Lásúnkànmí máa ń fi aṣọ kọ́ ṣófo. Àwọ̀tẹ́lẹ̀, jalábíà tó fi ń lọ kírun, súwẹ́tà tí kò wọ̀ láti ìgbà ọyẹ́, gbogbo rẹ̀ ti wà nínú báàgì. Kò fi ẹyọ kan sílẹ̀. Ìbúra tí Fàósátù ṣe, kò rántí ẹni tó ṣe é fún mọ́.

"Bàbá Ummulkhair," ó ní.

Ọwọ́ Lásúnkànmí dúró nínú báàgì. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti pè é bẹ́ẹ̀ nínú yàrá yẹn.

"Ẹ jọ̀ọ́, ọmọkùnrin yẹn, ṣé ó padà wá?"

Ẹlòmíràn ì bá yọ̀ ọ́. Lásúnkànmí ò yọ̀ ọ́. Ó dìde, ó jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, ó ń fi àtàǹpàkò nu símẹ́ǹtì tó ti gbẹ mọ́ èékánná rẹ̀.

"Ó padà wá."

"Mo mọ̀!" Fàósátù pòṣé. "Mo ti sọ ọ́. Ìranù."

"Ṣùgbọ́n ó pẹ́ kó tó dé. Ìgbà tó máa dé, wọ́n ti ń tú kánópì. Dípò kó dọ̀bálẹ̀ kó bẹ ìyàwó ẹ̀, ó lanu, ó sọ ìsọkúsọ lójú gbogbo ayé. Látìgbà yẹn ló ti ń wá bó ṣe máa gbé ọ̀rọ̀ náà mì padà. Kò gbé e mì. Ó wá ní bóyá tí òun bá lọ jìnnà, ara á tu obìnrin náà."

Fàósátù yíjú sí i. "Kò sí kánópì nínú fíìmù yẹn."

"Mi ò mọ̀," Lásúnkànmí ní. "Mi ò tíì wo apá kejì. Ṣùgbọ́n ta ni ò mọ bí wọ́n ṣe máa ń parí? Má bínú, Ìyá Ummulkhair. Kì í ṣe síṣọ̀ọ̀sì lásán."

Ohun tí Fàósátù ti ń dúró dè láti ìgbà yìí wá nìyẹn. Ó rò pé tó bá gbọ́ ọ, inú òun á dùn, òun á ṣakọ díẹ̀ kí òun tó dárí jì í. Ọ̀rọ̀ mìíràn ló jáde lẹ́nu rẹ̀.

"Bàbá mi ò kú."

Lásúnkànmí gbójú sókè.

"Kọ́tọnù ló wà, tó bá ṣì wà láyé. Ìyá mi ló bá jà. Bí ẹ ṣe ń dákẹ́ yìí ló ṣe dákẹ́. Ó kó gbogbo aṣọ ẹ̀, kò fi ẹyọ kan sílẹ̀. Wọ́n ní ó ń bọ̀." Ó tọ́ka sí ìṣó tó ṣófo. "Bó ṣe rí nìyẹn."

Lásúnkànmí wo ìṣó, ó wo báàgì. "Kò kú?" ó ní. "Gbogbo àdúà afẹ́fẹ́ rere tí mo ti ń ṣe fún un lọ́jọ́ Jímọ̀ ńkọ́?"

"Á bá a lọ́jọ́ iwájú."

Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu àwọn méjèèjì, ti Fàósátù sì fẹ́ di ẹkún ní ìparí. Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀. Lásúnkànmí na ọwọ́ sínú báàgì, ó fa jalábíà yọ, ó fi kọ́ ìṣó.

"Mo gbọ́dọ̀ lọ," ó ní. "Mo ti fún ọ̀gá yẹn lọ́rọ̀. Ṣùgbọ́n màá padà wá. Bí mi ò tiẹ̀ rí nǹkan gbé bọ̀, màá gbé ara mi wá bá ẹ."

Fàósátù yọ ṣùtì ètè sí i. "Irú ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa ń sọ nínú fíìmù nìyẹn," ó ní. Ohun tó kó o nírìíra jù ni pé ó gbà á gbọ́.